Ògiri Pálọ̀ Màmá Hadassah

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ràmọ́nù kò tíì jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ dé ìdajì tí fóònù rẹ̀ fi dún. Màmá Hadassah ni, ìyá àgbà tí Ràmọ́nù ń bá kun ilé lẹ́yìn ọjà. Wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó kí wọn tán.

"Ràmọ́nù, ó tún ti jáde o."

Kò bèèrè ohun tó jáde. Ó ti àwo ẹ̀kọ sẹ́yìn, ó dìde, ó wá fìlà rẹ̀ títí, fìlà náà sì wà lórí rẹ̀. Kàdíjà ìyàwó rẹ̀ ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ṣé àbàwọ́n yẹn náà ni?"

"Òun náà ni."

"Ìgbà kejì rèé, Bàbá Ràfíátù."

"Mo mọ̀ ọ́n kà," ni Ràmọ́nù dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ sì le ju bó ṣe fẹ́ lọ. Kàdíjà kàn gbé àwo ẹ̀kọ náà kúrò nílẹ̀, ìyẹn sì dun Ràmọ́nù ju kó bú u lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ń já ọkùnrin yìí láyà kí a tó máa bá a sáré kiri. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi kun ilé onílé ní Àbíjàn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì ló máa ń wálé. Á gbé ẹrù kalẹ̀, á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á tún wọ bọ́ọ̀sì padà. Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá ló wá kó gbogbo ẹrù rẹ̀ wálé. Kàdíjà sọ fún un lọ́jọ́ náà, láìpariwo, pé òun kì í ṣe ilé àlejò tí èèyàn kàn ń yà sí. Bó bá tún wọ bọ́ọ̀sì Àbíjàn, kó má wulẹ̀ padà wá bá òun mọ́. Ràmọ́nù kò fẹ́ lọ. Ó fẹ́ dúró, ó fẹ́ darúgbó sí Ẹ̀jìgbò ìlú rẹ̀ bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú kò gbọ́ Yorùbá, àwọn tó gbọ́ Yorùbá kò sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ilé Màmá Hadassah ni iṣẹ́ gidi àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni gbé fún un láti oṣù mẹ́jọ. Bó bá dára, àwọn èèyàn á máa pè é. Bó bá bàjẹ́, kò sí ẹni tó máa gbé ilé rẹ̀ fún un mọ́, Àbíjàn nìkan ló kù. Ayọ̀díjí, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ níbẹ̀, sì ti pè é lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó kọjá: ilé alájà mẹ́rin wà nílẹ̀, bọ́ọ̀sì ń gbéra ní Jímọ̀, ṣé ó ń bọ̀ àbí kò bọ̀? Ràmọ́nù ní òun máa fún wọn lésì. Kò sì tíì sọ fún Kàdíjà pé ẹnikẹ́ni pe òun.

Iṣẹ́ ilé náà kò le rárá, ohun tó ń bí i nínú gan-an nìyẹn. Hadassah, ọmọ kan ṣoṣo tí màmá bí, tó ń ṣe tíṣà ní Òṣogbo, ni àwọn kan ń bọ̀ wá tọrọ láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn ní Sátidé tó ń bọ̀. Pálọ̀ ni àwọn àlejò máa jókòó sí, ògiri ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sì ni ojú gbogbo wọn máa kọ sí.

Nígbà tí Ràmọ́nù débẹ̀, màmá ti ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀, àfi bí ẹni pé atẹ́gùn lè gbá àbàwọ́n lọ. Márùn-ún ni àbàwọ́n náà, ní ìwọ̀n àyà èèyàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́, àwọ̀ wọn dà bíi tíì tí wọ́n bomi là. Wọ́n ti gba inú pẹ́ńtì kírímù tí Ràmọ́nù kùn ní Sátidé tó kọjá jáde wá. Ọ̀kan tuntun tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí kò sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀.

"Má bínú o, mi ò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu," ni màmá wí. Èèyàn kúkurú ni wọ́n, ohùn wọn kì í sì í ròkè, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ àgbà nínú ìjọ wọn. "Ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe àmì ni, Ràmọ́nù? Nítorí ọ̀rọ̀ Hadassah yìí. Ṣé kì í ṣe pé Ọlọ́run ń sọ fún wa pé ká dúró ná?"

"Kì í ṣe àmì, Màmá. Ògiri ni."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ dá lójú. Irọ́ ni. Kò dá a lójú rárá.

Ti ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀bi rẹ̀ ni, ó sì mọ̀. Pírámà ni èèyàn ń kọ́kọ́ fi kun ògiri, kí ó lè di pẹ́ńtì mú, kí ó sì sé ohun tó wà nísàlẹ̀ mọ́bẹ̀. Ní Àbíjàn, ẹni tó bá fò ó kò ní dúró lẹ́nu iṣẹ́ Ayọ̀díjí dọ̀sán. Ràmọ́nù sì mọ̀ ọ́n yàn. Ó fi ti pákó sí ilẹ̀kùn tuntun kí oje igi má baà ya jáde, ó fi èyí tó pọ́n sí irin fèrèsé kí ó má baà dípẹtà. Ògiri nìkan ló ṣe ojú ayé sí. Ó po pẹ́ńtì funfun mọ́ omi bí àwọn tó ń kánjú ṣe ń ṣe, ó pè é ní pírámà, torí ó fẹ́ kí àwọn aládùúgbò rí i pé ọwọ́ òun yá. Omi lásán ni, ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni àbàwọ́n jáde. Nígbà kejì, ó ha gbogbo rẹ̀ kúrò, ó ra pírámà gidi, irú èyí tí ilé iṣẹ́ fi omi pò, ó kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ó jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó tó gbé pẹ́ńtì lé e. Inú ìyẹn náà ni àbàwọ́n tún gbà kọjá láàárọ̀ yìí.

Omi ló fura sí. Ó gun orí òrùlé, ó wo páànù kọ̀ọ̀kan, kò rí ihò. Ó gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri níta, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Ó wọlé, ó jáde, ó tún wọlé. Màmá gbé àga fún un, kò jókòó. Wọ́n bu omi fún un, ó gbé ife náà dání kiri pálọ̀ títí tó fi gbàgbé pé omi ló wà nínú rẹ̀.

Ibi tó ti ń ṣe èyí ni Àrẹ̀mú yà sí. Àrẹ̀mú ni pẹ́ńtà tó ti ń kun ilé àdúgbò náà kí Ràmọ́nù tó dé; òun ni iṣẹ́ yìí ì bá bọ́ sí lọ́wọ́. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi igi tó fi ń tayín tọ́ka sí ògiri.

"Àbí ògiri ilẹ̀ wa kò gbọ́ Faransé ni?"

Ràmọ́nù fi ẹ̀rín gbà á, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gbóná. Bí Àrẹ̀mú ṣe lọ tán, ó fi ìbínú yíjú sí ògiri, ó sì da omi inú ife náà lu àbàwọ́n ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Omi kò wọlé. Ó ṣù róbótó-róbótó, ó ń yí bọ́ sílẹ̀ bí ìrì lórí ewé kókò. Ràmọ́nù fi ìka kan ibẹ̀, ó gbé ìka náà sí imú. Òróró ni. Òróró tútù ni, lórí pẹ́ńtì tí òun fúnra rẹ̀ kùn lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹnìkan ló ń fi òróró pa ògiri náà. Ta ni ì bá tún jẹ́?

Kò sọ fún màmá, kò sì sọ fún Kàdíjà. Òun àti ọkàn rẹ̀ nìkan ló jọ mú Àrẹ̀mú, tí wọ́n jọ dá ẹjọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì dá a lẹ́bi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ha ògiri náà títí ó fi kan sìmẹ́ǹtì, ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó jẹ́ kí atẹ́gùn ọ̀gbẹlẹ̀ fẹ́ sí i di ọ̀sán. Ó wá gbé pírámà elépo lé e, èyí tó máa ń ta sí èèyàn nímú, ṣùgbọ́n tí òróró kò lè gba inú rẹ̀ yọ. Ohun tó yẹ kó ṣe láti ọjọ́ kìíní nìyẹn. Gbogbo ìgbà tó ń kùn ún, ọrùn ẹ̀wù Àrẹ̀mú ló ń rò.

Lọ́jọ́rú, bí wọ́n ṣe kí àsùbá tán ní mọ́ṣáláṣí, kò dúró bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó gba ẹ̀yìn ọjà lọ, ó sì fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Ó ti ká ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀.

Ilẹ̀kùn yàrá ló ṣí. Màmá Hadassah ló jáde wá, wọ́n fi ìborùn funfun bo orí, ìgò kékeré kan sì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n da òróró àdúrà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n lọ bá ògiri, wọ́n tẹ ọwọ́ náà mọ́ ọn gbọn-in, wọ́n sì gbé iwájú orí lé ẹ̀yìn ọwọ́ náà.

"Olúwa, ìwọ lo gbọ́ ti Hadassah lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí mo fi ń tẹ òróró mọ́ ògiri yìí. Gbọ́ ti Ràmọ́nù náà. Jẹ́ kí ọ̀dà yìí mú. Ọkùnrin tó ń pè é láti Àbíjàn, tí mo gbọ́ tí Ràmọ́nù ń bá sọ̀rọ̀ lórí àkàbà bí ẹni tí kò fẹ́ lọ, jẹ́ kí ìyẹn rí ẹlòmíràn mú. Má jẹ́ kí ọmọ yìí tún fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Jẹ́ kí ògiri yìí gbà fún un."

Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n tún da òróró sí i, wọ́n tẹ ibòmíràn.

"Mo fi kún un lónìí, Olúwa, torí ọ̀rọ̀ náà ti le."

Ẹ̀ṣẹ́ tí Ràmọ́nù ká tú fúnra rẹ̀. Ó rọra yọ kúrò lẹ́bàá fèrèsé, ó lọ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́yìnkùlé. Ojú tì í nítorí Àrẹ̀mú, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló pọ̀ jù. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹnìkan wà, yàtọ̀ sí Kàdíjà, tó kà á sí pé kí òun dúró nílé. Ẹni náà rèé, tó ń jí láàràárọ̀ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ tó máa dá òun dúró jẹ́. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ irú èyí fún ìyá àgbà? Ṣé kó ní, Màmá, àdúrà yín ló ń lé mi lọ? Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Nígbà tó yá, ó lọ kan ilẹ̀kùn.

"O tètè dé lónìí," ni màmá wí. Ìgò náà kò sí lọ́wọ́ wọn mọ́. "Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Màmá. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín." Ràmọ́nù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú wọn. "Mo mọ̀ pé ẹ ń bá mi gbàdúrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á sí ògiri mọ́. Ọwọ́ mi ni kí ẹ bá mi gbà á sí. Ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́."

Màmá tọ́ka sí fìlà rẹ̀. "Ìwọ tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ yìí?"

"Èmi náà ni, Màmá."

"Kí ni àwọn èèyàn rẹ máa wí?"

"Àmín ni èmi máa wí ní tèmi."

Màmá rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sí ojú wọn. Wọ́n lọ mú ìgò náà wá, wọ́n da òróró sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n fi ọwọ́ wọn lé e, wọ́n gbàdúrà títí orúnkún rẹ̀ fi ń dùn ún. Ó ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀. Ó rò pé òun ti rí ọ̀rọ̀ náà yanjú láìdun ẹnikẹ́ni. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi ẹ̀rọ omi, ó bu ọṣẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọwọ́.

Àwo àkàrà ni màmá ń gbé bọ̀ fún un. Wọ́n dúró. Wọ́n wo ọṣẹ tó ń hó láàárín ìka rẹ̀, wọ́n wo bó ṣe ń fi èékánná ha àtẹ́lẹwọ́.

"Kí ló dé tí o fi ń fọ̀ ọ́ kúrò, Ràmọ́nù?"

Ká ní ó lè purọ́, ì bá purọ́. "Bí òróró bá wà lọ́wọ́ mi, Màmá, ó máa ran pẹ́ńtì. Pẹ́ńtì kò sì ní mú."

Màmá yíjú sí fèrèsé pálọ̀. Nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀ pátápátá.

"Ògiri ńkọ́?"

Ràmọ́nù ń wo ilẹ̀.

"Mo bi ọ́ pé ògiri ńkọ́?"

"Bákan náà ni, Màmá."

Wọ́n gbé àwo àkàrà náà sílẹ̀, wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. "Bó ṣe ń jáde ni mo ń fi kún un," ni wọ́n wí. "Bí o bá ti ha á tán, mo tún ń pa á padà. Èmi ni mo ń lé ọ lọ."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́." Ràmọ́nù dọ̀bálẹ̀ sí inú omi ọṣẹ níbẹ̀. "Ẹ̀bi tèmi ni. Ọ̀gá mi kọ́ mi pé kí n tó yan pírámà, kí n bi onílé léèrè ohun tí ògiri rẹ̀ ti rí: bóyá èéfín, bóyá omi òjò, bóyá epo. Ká ní mo bi yín lọ́jọ́ kìíní, ẹ ì bá ti sọ fún mi. Mo ń kánjú kí wọ́n lè mọ̀ mí, mi ò bi yín ní nǹkan kan."

"Lóòótọ́ lo ò bi mí," ni màmá wí. "Dìde nínú omi."

Òun àti màmá ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ọjọ́ náà. Pírámà elépo kò jẹ́ kí òróró àárọ̀ wọlé. Orí rẹ̀ lásán ló dúró sí. Ràmọ́nù fi àkísà àti kẹrosíìnì nù ún, màmá ń fi àkísà gbígbẹ tẹ̀ lé e, wọ́n ń tọ́ka sí ibi tí ọwọ́ wọn ti kàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń jẹ́wọ́. Ó fi ṣáńpépà ra ojú rẹ̀ díẹ̀, ó sì tún kun pírámà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó ń lọ sílé, ó pàdé Àrẹ̀mú lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ó kí i, ó bi í léèrè ìyá rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, títí kan ọ̀kadà rẹ̀. Àrẹ̀mú wò ó sùn-ùn. Ó dájú pé ó rò pé nǹkan ti ṣe ọkùnrin náà.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó sọ ọ̀rọ̀ Ayọ̀díjí àti bọ́ọ̀sì ọjọ́ Jímọ̀ fún Kàdíjà. Kàdíjà kò gbé ojú sókè nínú ẹ̀wà tó ń ṣà.

"Mo ti mọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lẹ ti ń sọ Faransé lójú oorun." Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i. "Kí lẹ wá fẹ́ sọ fún wọn?"

"Ó kù sọ́wọ́ ògiri yẹn."

"Kò kù sọ́wọ́ ògiri kankan," ni Kàdíjà wí, ó sì gbé ẹ̀wà rẹ̀ wọlé.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí Ràmọ́nù gbádùn. Ó bá a dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́bọ̀, ó ń gún un lára bó ṣe ń fi rólà gbé pẹ́ńtì kírímù lé ògiri lẹ́ẹ̀kíní àti lẹ́ẹ̀kejì. Kò fẹ́ fi gbogbo ẹnu sọ pé òun ò lọ, nígbà tí kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ máa wà. Kò sì lè sọ pé òun ń lọ. Ní gbogbo ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Ayọ̀díjí pè, kò gbé e.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, ó tún gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ kó tó kanlẹ̀kùn, torí ẹ̀rù ń bà á. Ògiri náà mọ́ tónítóní láti òkè dé ilẹ̀. Màmá wà níwájú rẹ̀, wọ́n jìnnà sí i ní ìwọ̀n apá kan, wọ́n ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan. Wọ́n ń gbàdúrà. Bí wọ́n ṣe dárúkọ Ràmọ́nù, ọwọ́ ọ̀tún wọn yọ síwájú fúnra rẹ̀. Ti òsì ló sáré mú un padà.

Ràmọ́nù kò lè dúró wò ó. Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sáàárín màmá àti ògiri, ó sì tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀.

"Iṣẹ́ ti parí, Màmá. Mi ò ní fọ̀ ọ́ lónìí."

Wọ́n wá ìgò náà jáde, wọ́n da òróró náà sí i títí tó fi ń kán sí ilẹ̀ láàárín ìka rẹ̀. Àdúrà kò tíì jìnnà nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò rẹ̀. Màmá kò dákẹ́, wọn kò sì la ojú. Ràmọ́nù fi ọwọ́ olóróró yọ ọ́, ó fẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sétí.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Kí bọ́ọ̀sì máa lọ, mi ò bọ̀ mọ́."

Ó gbé fóònù náà sílẹ̀, ó tún tẹ́ ọwọ́. Màmá ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ Hadassah, wọn kò tíì dé ibi tí wọ́n máa dárúkọ Àbíjàn.